Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ní màmá wa ní: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe gbé e nínú ilé?

Àkọ́bí_Òṣogbo, Ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí. Ẹ má bínú tí tèmi bá gùn.

Ẹni ọdún 58 ni màmá wa, àdìrẹ àti àǹkárá ni wọ́n ń tà. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fọwọ́ kan kókó kan lọ́mú òsì. Kò dùn wọ́n, wọ́n bá dákẹ́. Nígbà tí wọ́n jàjà sọ ọ́, ilé ìwòsàn kékeré kan ní eéwo ni, a sì lo oògùn eéwo fún odidi oṣù méjì. Ìgbà tá a wá dé ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ni, ó ti dé ìpele kẹta. Dókítà ní kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ.

Èmi ni mo gba èsì. Mo sọ fún Bàbá àti àwọn àbúrò mi mẹ́ta. Bàbá ní ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dé etí Màmá: "Tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, ó kú nìyẹn." A wá fẹnu kò pé "kókó" la ó máa pè é, pé oògùn ni yóò yọ́ ọ. Wọ́n ti gba kẹ́mò àkọ́kọ́ ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn. Ilé aláṣọ ni ilé wa, èrò kì í dá níbẹ̀. Ní báyìí, tí Màmá bá yọ sí pálọ̀, ṣe ni ọ̀rọ̀ máa ń gé mọ́ wa lẹ́nu.

Àbúrò wa tó wà l'Ékòó á fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́ lóṣù méjì. Obìnrin inú wa ló ń sùn ti Màmá. Àbíkẹ́yìn ń ṣe ìdánwò. Èmi ni mò ń wakọ̀, aago mẹ́rin ìdájí la máa ń kúrò nílé ká lè bá nọ́ńbà. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá mo dúró ra epo, mo ra á tán, mi ò lè ṣíná ọkọ̀. Mo kàn jókòó, omi ń dà lójú mi, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé ẹ sọ fún aláìsàn yín àbí ẹ fi pamọ́?

---

Ọmọ_Mókọ́lá, Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ọlọ́run á wo Màmá sàn. Mi ò ní ìmọ̀ràn, mo kàn ní kí n má kà á kí n kọjá lọ.

---

Nọ́ọ̀sì_Àgbà, Ọjọ́ Ajé, 10:40 alẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ ni mo lò ní wọ́ọ̀dù oníjẹjẹrẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ṣe é dá dúró. O ní ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n gba oògùn. Láti nǹkan bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà máa ń kéré jù. Ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara lọ́la, má ṣe lo ẹ̀yìn ọwọ́. Tó bá kan 38, má fún wọn ní parasitámọ́ọ̀lù kí o ní kílẹ̀ mọ́. Lóru yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wàá sì sọ lẹ́nu ọ̀nà ni pé kẹ́mò ni wọ́n ń gbà, kí wọ́n má baà tò yín sẹ́yìn àwọn oníbà. Tó bá sì jẹ́ oògùn pupa ni wọ́n fà sí wọn lára, ìtọ̀ lè pupa fún ọjọ́ kan sí méjì. Àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo ti rí ọkọ tó tìtorí ẹ̀ gbé ìyàwó ẹ̀ sáré wá láago méjì òru, kò wọ bàtà.

Ọ̀rọ̀ ìfipamọ́ wá. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, mi ò rí ẹni tí wọ́n fi pamọ́ fún tí kò mọ̀. Wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà pẹ̀lú àwọn tí orí wọn ti pá. Wọ́n lójú, wọ́n létí. Ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni pé aláìsàn á máa dá ẹ̀rù tiẹ̀ bà, ará ilé náà á máa dá tiwọn bà.

Ṣùgbọ́n má lọ dà á lé wọn lórí o. Gbogbo èèyàn kọ́ ló fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bi wọ́n pé: "Màmá, ohun tí dókítà bá sọ, ṣé kí n máa sọ ọ́ fún yín pátá, àbí kí n máa gbé e dání títí ẹ ó fi bèèrè?" Ìdáhùn wọn ni wàá tẹ̀ lé. Bàbá yín nìkan kọ́ ló ni ìpinnu yẹn.

---

Ìyá_Ìbejì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ọdún 2016 ni tèmi, ọmú ọ̀tún. Mo ṣì ń lo tamoxifen, oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kó tètè padà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún mi, wọ́n wá ní kí n fi kún un.

Wọ́n fi pamọ́ fún èmi náà. Ọkọ mi ní "ìwẹ̀nùmọ́ ẹ̀jẹ̀" ni. Irun mi ló tú àṣírí. Bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni, mo ń ya irun kí n lè dì í, òòyà sì dúró sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú irun lára ẹ̀. Mo pe ọkọ mi wá láti ibi iṣẹ́, mo ní "ẹ wá jókòó". Inú mi ò dùn sí i títí dòní pé orí òòyà ni mo ti gbọ́ ọ.

Oúnjẹ: ẹnu á máa ṣe wọ́n bí ẹni tó lá irin. Ṣíbí oníke ni kí wọ́n máa lò, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Irú ni mi ò lè gbóòórùn ẹ̀ rárá, èmi tí mi ò se ẹ̀fọ́ láìfi irú sí i rí! Wọ́n ní láti kó irú kúrò nílé. Ògì tí mílíìkì pọ̀ nínú ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, ló gbé mi ró. Ìgbà agbálùmọ̀ bọ́ sí i, mo máa ń fi ọ̀kan sẹ́nu pa èébì. Ṣùgbọ́n tí ẹnu bá ti légbò, ẹ má dán an wò, ó ń ta bí ata.

Nípa àlejò, àwọn kan á wá, wọ́n á sunkún, èmi aláìsàn ni máa máa ṣìpẹ̀ fún wọn. Obìnrin kan ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mi ò lè gbàgbé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá. Á wọ ẹ̀yìnkùlé tààrà, á kó aṣọ, á fọ̀ ọ́, á sá a, á ní "mo ti ń lọ o". Bóyá la sọ ọ̀rọ̀ tó kún ọwọ́ láàárín oṣù mẹ́fà.

---

Ewé_Ń_Jẹ́, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Ẹ kàn ń dáná sun owó ni. Kẹ́mò gan-an ló ń pa wọ́n. Àgbo wà tó ń wo jẹjẹrẹ láàárín ọjọ́ 21, ẹ pe [nọ́ńbà ti kúrò]

---

Alábòójútó, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:52 àárọ̀

A ti yọ nọ́ńbà yẹn. A kì í polówó oògùn lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn níbí. Ìkìlọ̀ kejì rèé.

---

Apòògùn_Ìlọrin, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí mo mọ̀ pé ìyẹn nìkan kọ́ ló máa mú àgbo wá. Àǹtí kan á gbé kẹ̀ǹgbẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, tìfẹ́tìfẹ́ ni yóò sì gbé e wá.

Èmi ò kórìíra ewé. Vincristine tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, ara òdòdó aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, periwinkle ti Madagascar. Èèpo igi ni paclitaxel, kẹ́mò mìíràn, náà ti wá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n mọ ìwọ̀n tó ń wò àti ìwọ̀n tó ń pa. Ìwọ̀n inú kẹ̀ǹgbẹ̀ Àǹtí, ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kẹ́mò ni àgbo náà máa lọ bá. Tí ẹ̀dọ̀ bá kọṣẹ́, dókítà á dá kẹ́mò dúró, ẹ ó sì máa wí pé oògùn òyìnbó ò ṣiṣẹ́.

Gba kẹ̀ǹgbẹ̀ náà, dúpẹ́, kí o bi dókítà kí Màmá tó fẹnu kàn án. Má bá Àǹtí jà. Ó lè jẹ́ òun ni yóò wá bá yín gbọ́únjẹ lóṣù tó ń bọ̀.

---

Àkọ́bí_Òṣogbo, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ra ẹ̀rọ ìgbóná ara, 36.8 ni Màmá. Kẹ̀ǹgbẹ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn, ó ti wà nínú fíríìjì wa láti Ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rín pa mí.

Pásítọ̀ kan náà ti wá o. Ó ní tí ìgbàgbọ́ wa bá pé, a ò ní padà lọ gba ìkejì. Bàbá ò dá a lóhùn. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

---

Àdùkẹ́_Peckham, Ọjọ́rú, 11:31 alẹ́

Pásítọ̀ tiwa níbí ló ń gbé ọkọ mi lọ sílé ìwòsàn, ó ń jókòó dè é, ó sì ń gbàdúrà nínú ọkọ̀. Nítorí náà Pásítọ̀ kan kọ́ ni gbogbo Pásítọ̀.

Jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpòòtọ̀, ni ti ọkọ mi. Láàárín ọkùnrin dúdú ní Bìrìtéènì yìí, ẹnì kan nínú mẹ́rin ló máa ní in láyé ẹ̀. Gbogbo ọkùnrin lápapọ̀, ẹnì kan nínú mẹ́jọ ni. Ọ̀gbẹ́ni mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, pàápàá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ohun tó là á lẹ́nu ni ìròyìn tí mo wá jáde fún un, ti oṣù kọkànlá 2014, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́ ní gbangba l'Ábẹ́òkúta pé òun ti ní jẹjẹrẹ prostate, òun sì ti gba ìtọ́jú. Baba pé ẹni ọdún 90 ní 2024. Ọkọ mi wò ó, ó ní "Kọ́ńgì náà?" Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbé ìpè àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Níbí, a kì í sanwó oògùn jẹjẹrẹ, láti 2009 ni wọ́n ti yọ owó ìwé oògùn kúrò fún oníjẹjẹrẹ ní England. Mi ò ní purọ́, mo mọ̀ pé ìyẹn nìkan ti jẹ́ ká yàtọ̀ sí yín. Ohun tá ò ní ni èrò. Kò sẹ́ni tó ń yà láìpè. Èmi nìkan, ọkọ mi, àti tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ọ̀sì Macmillan kan, ẹgbẹ́ tó ń ran oníjẹjẹrẹ lọ́wọ́ níbí, ló yí sí mi lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ tán: "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń sùn?" Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Oṣù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Nítorí náà, Àkọ́bí, ṣé ìwọ ń sùn?

Ohun kan rèé tó ràn mí lọ́wọ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé "ẹ gbà mí". Gbogbo èèyàn á ní "a wà pẹ̀lú yín", ilẹ̀ á sì mọ́ bá ìwọ nìkan lórí sitiárín. Dá iṣẹ́ náà lórúkọ, dá ọjọ́ fún un. Àbúrò tó wà l'Ékòó, má bi í lówó kẹ́mò, ó ń bà á lẹ́rù ni. Sọ fún un pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣáájú kẹ́mò kọ̀ọ̀kan, tìrẹ ni, láti ìkejì dé ìkẹjọ. Iye tí ó jẹ́ rèé, ọjọ́ tí a fẹ́ ẹ rèé.

---

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_87, Ọjọ́bọ̀, 2:10 ọ̀sán

Ẹ ò tíì dárúkọ àwọn ọmọdé. Ṣé ọmọ wà nínú ilé yẹn?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n ya ife àti àwo ìyá mi sọ́tọ̀ nínú ilé ìdáná, bí ẹni pé jẹjẹrẹ ń ràn. Kì í ràn o, ẹ bá mi sọ fún gbogbo ayé. Èyí tó burú jù ni pé ní ọ̀sẹ̀ kan kí àìsàn náà tó bẹ̀rẹ̀, mo ti dá ẹsẹ̀ ìyá mi kọjá níbi tí wọ́n nà án sí lórí ẹní. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fọ́mọdé nípa ìyẹn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbà pé èmi ni mo fà á. Lálẹ́, mo máa ń yọ́ lọ dá ẹsẹ̀ wọn padà, kí ó lè tú.

Ìyá mi yè é. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n. Ọdún tó kọjá ni mo tó sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

---

Òṣìṣẹ́_Ìlera_Ìbàdàn, Ọjọ́bọ̀, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Kúkúrú, lórí owó: ẹ wọ ọ́fíìsì social worker, òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ lórí owó àti ìṣòro ilé, nílé ìwòsàn yẹn, ẹ má dúró dìgbà tí owó bá tán. Ìjọba àpapọ̀ ní owó kan tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ tàbí ti prostate, àwọn ilé ìwòsàn kan ló sì ń lò ó, UCH tó wà n'Ìbàdàn wà lára wọn. Kì í kárí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bèèrè kì í rí. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà lórí ìwé adójútòfò ìlera níbi iṣẹ́, ẹ bèèrè ohun tó kárí gan-an. Ẹ sì tọ́jú gbogbo rísíìtì.

---

Ọmọ_Ìwó, Ọjọ́ Ẹtì, 5:20 àárọ̀

Mo ti ń kọ èyí, mo ń pa á rẹ́, láti àná.

Bàbá mi ò yè é. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, ó ti tàn kí a tó mọ̀. Mo kọ ọ́ torí pé kì í ṣe ilé tí ìwòsàn wà nìkan ló yẹ kí ó wá síbí.

Nígbà tí wọ́n ní ká lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ìrora ní UCH, ohun tí a gbọ́ ni pé wọ́n ń lé wa. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dókítà jà. Kí a tó lọ, Bàbá kì í sùn. Orí àga ni wọ́n máa ń wà títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á dijú, wọ́n á máa ka orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn ní morphine olómi, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe máa wọ̀n ọ́n, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Alẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá sùn. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa, à ń gbọ́ híhan-oorun wọn.

Oṣù mẹ́ta la rí gbà. Wọ́n ta ayò, wọ́n rẹ́ wa jẹ. Wọ́n sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Wọ́n fẹ́ rí Iléyá, wọ́n rí i, wọ́n jẹ ẹ̀dọ̀ àgbò, ẹyọ kan péré. Tẹ́lẹ̀, ohun tí à ń retí ni pé kí wọ́n dìde. Lẹ́yìn náà, Iléyá là ń retí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ pé ìkejì yẹn kì í ṣe ìrètí.

---

Àdùkẹ́_Peckham, Ọjọ́ Ẹtì, 7:02 àárọ̀

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Sydenham tó wà nítòsí wa níbí ni St Christopher's wà, ilé ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, tí Cicely Saunders dá sílẹ̀ ní 1967. Mi ò lè wọ ọgbà yẹn tẹ́lẹ̀, mo máa ń gba ọ̀nà ibòmíì. N ó wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

---

Àkọ́bí_Òṣogbo, Ọ̀sẹ̀ keje, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:16 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. A gba ìkejì, a gba ìkẹta.

Mo bi Màmá ní ìbéèrè tí Nọ́ọ̀sì Àgbà kọ́ mi, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Wọ́n ń ká aṣọ lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní: "Ṣé ti jẹjẹrẹ yẹn?"

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí bẹ́ńṣì ni wọ́n ti mọ̀. Obìnrin kan tó jókòó tì wọ́n ló bi wọ́n pé: "Tiyín ńkọ́, ọmú ni àbí ilé-ọmọ?" Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ? Wọ́n ní: "Bàbá yín lẹ́jẹ̀ ríru. Tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, ó kú nìyẹn."

Mi ò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni. Mo lọ pe Bàbá wá láti pálọ̀.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti gbà á lọ́wọ́ mi. Aláṣọ ni wọ́n, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sin gbèsè. Wọ́n ní kẹ́mò yìí, àjọ ọwọ́ mẹ́jọ ni, àwọn ti dá mẹ́ta, ó ku márùn-ún káwọn kó. Pásítọ̀ yẹn padà wá, Màmá fúnra wọn ló dá a lóhùn pé ẹni tó bá já àjọ láàárín, owó ẹ̀ gbé. Àǹtí oníkẹ̀ǹgbẹ̀ ló ń sè fún wa ní Ọjọ́rú (Apòògùn, ẹ ṣeun). Àbúrò wa obìnrin sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ pé kò ràn, wọ́n ń bá ìyá àgbà mu nínú ife kan náà. Bàbá wá gba ti ògì. Ògì Bàbá ò dán o. Lọ́jọ́ kìíní, Màmá fi ṣíbí rò ó, wọ́n rí kókó nínú ẹ̀, wọ́n ní: "Ẹ gbé e padà. Kókó tó wà lára mi ti tó mi." Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Bàbá lè gbé abọ́ náà.

Dókítà ní kókó gan-an ti ń rọ̀, ó ti dín kù sí ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ṣì wà níwájú, PCV wọn, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara wọn, ò sì dúró, a ti fa ẹ̀jẹ̀ pínńtì méjì. Àdùkẹ́, ẹ bi mí bóyá mò ń sùn. Mò ń sùn ní Ọjọ́bọ̀ báyìí, àbíkẹ́yìn parí ìdánwò, òun ló ń wakọ̀.

Ìwé onígbèsè Màmá wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ojú ewé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ wá sí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọmọ Èkó, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìkẹrin, kò tíì san." Wọ́n ní kí n ya fọ́tò ẹ̀ sí i lórí WhatsApp. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, owó wọlé. Màmá gba báírò pupa, wọ́n fà á láàárín.